Ẹ̀rọ Omi Kan, Àkáǹtì Kan

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé kí a kó àwọn oníbàárà pọ̀ sójú kan kí ìṣirò lè rọrùn, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: yóò rọrùn fún ta ni? Ṣọ́ọ̀bù kan ní Treichville, ní Abidjan, ni mo ti kọ́ ìbéèrè yẹn. Alájì kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ni ín. Ohun èlò ìránṣọ ló ń tà: abẹ́rẹ́, òwú, síìpù àti ẹ̀yà máṣíìnì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, inú ilé rẹ̀ náà ni mò ń gbé. Mo bínú sí i nígbà náà. Mo ṣì ń bínú.

Èmi ni mo bá a gbé ọjà náà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Sáíbà kan, ilé íńtánẹ́ẹ̀tì, ní Adjamé ni mo máa ń jókòó sí, tí mò ń ka bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tí mò ń bà á jẹ́, tí mo tún ń tún un ṣe. Mo ya fọ́tò gbogbo ẹ̀yà máṣíìnì lórí bébà funfun, mo fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí aránṣọ tó wà ní Port-Bouët lè mọ bó ṣe tóbi tó láì wọ bọ́ọ̀sì wá bá wa. Ilé bọ́bìnì nìkan, ìyẹn ìkòkò irin kékeré tí bọ́bìnì ń gbé inú rẹ̀, oríṣiríṣi la ní. Èyí tó ń yí sọ́tùn-ún, èyí tó ń yí sósì, èyí tó ní ìka, èyí tí kò ní. Bí ìka yẹn bá fi ìwọ̀n irun orí kan gùn jù, òwú á máa já, aránṣọ á sì máa bú abẹ́rẹ́. Irú nǹkan báyìí dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò béèrè.

Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àkáǹtì tirẹ̀. Bó bá ti béèrè ọjà lórí kọ̀ǹpútà, ọkùnrin kan tó ní alùpùpù á gbé e lọ fún un, á sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin kan péré la ní: ẹni tó bá pe ọjà tí kò gbà á nígbà tó dé, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, a óò ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà ni màá tẹ gbogbo ìtà sínú ìwé owó, lábẹ́ quatre cent onze, nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ oníbàárà sí níbẹ̀. Mo fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn bí ẹni fẹ́ràn ọ̀rẹ́.

Àfi bí akáǹtáǹtì tó ń ti Zone 4 wá yẹ ìwé wò ṣe fajú ro. Ó ní orúkọ ti pọ̀ jù, pé òun máa fi kún owó iṣẹ́ òun. Lọ́jọ́ kejì, Alájì ti mọ́ṣáláṣí dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni kọ̀ǹpútà, wá. Nílé wa lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá ń gba owó òde, ṣé ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ dúró sí?"

"Rárá, Alájì. Baálé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

"Ó parí! Agboolé kan, baálé kan. Gbogbo àwọn tó bá ń gbé ojú kan náà, kó wọn sínú àkáǹtì kan. Ẹni tó bá dàgbà jù nínú wọn, òun ni baálé."

"Alájì, Yopougon kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ṣé ewúrẹ́ ló ń gbé Yopougon ni?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Ilé tí wọ́n ń pè ní cour commune ní Abidjan kì í ṣe agboolé. Àgbàlá ni, yàrá yí i ká, ẹ̀rọ omi kan wà láàárín, géètì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Baoulé lè wà ní yàrá kìíní, Dioula ní ìkejì, Yorùbá ní ìkẹta, kí onílé má tilẹ̀ gbé níbẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìjà ta ló kọ́kọ́ gbé korobá sílẹ̀. Mo ní kí a fi oníbàárà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sí ààyè rẹ̀, kí n kàn ṣe àròpọ̀ kan sókè fún akáǹtáǹtì. Àròpọ̀ yẹn nìkan ni yóò máa rí.

Alájì ní, "Bí o bá dé wọn ní fìlà kan, ṣé iye orí wọn dín? Má bà mí ní ìwé jẹ́. Kó wọn pọ̀."

Mo kó wọn pọ̀.  Àwọn tí mo mọ irú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò lọ́kọ̀ọ̀kan di "àgbàlá ẹ̀yìn ọjà", wọ́n di "àgbàlá oníbúrẹ́dì". Ní àgbàlá kan ní Yopougon, baba arúgbó kan, ará Burkina tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọdẹ òru, ni a fi ṣe baálé. Alálùpùpù wa padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Vieux père ní kí n kí yín. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ti fi òun joyè. Ó ní ṣé ẹran wà nínú oyè náà?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníjó kan wà nínú àgbàlá yẹn tó máa ń to bọ́tìnì dídán sára aṣọ ijó rẹ̀. Ó pe ọjà, kò gbà á. Ó tún pè, ó tún ní òun ò fẹ́ mọ́. Àkáǹtì tì pa. Àkáǹtì gbogbo àgbàlá ni.

Obìnrin kan sì wà níbẹ̀, Yorùbá ni, wọ́n bí i sí Abidjan, aránṣọ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń ra nǹkan lọ́wọ́ wa, kò kọ ọjà rí. Lọ́dún náà ni ọ̀gá iléèwé kan kọ́kọ́ gbé gbogbo yúnífọ́ọ̀mù fún un: kakí àwọn ọkùnrin, aláwọ̀ búlúù àti funfun ti àwọn obìnrin. Bí iléèwé bá wọlé tí aṣọ kò tíì parí, ọ̀gá náà ti ní àwọn ará Adjamé lòun máa gbé e fún, títí láé. Àárín iṣẹ́ yẹn gan-an ni ilé bọ́bìnì rẹ̀ là. Máṣíìnì àtijọ́ ni, èyí tó ń yí sósì. Àwa nìkan la ní irú rẹ̀. Ibi yòókù, wọ́n ní kó dúró dìgbà tí ọjà bá dé láti Lomé.

Ó wọ gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré Abidjan, ó tún wọ òmíràn, ó dé ṣọ́ọ̀bù. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Tonton. Máṣíìnì mi ti dúró. Sáìtì yín ní compte mi ti bloqué, kò ṣí mọ́. Kí ni mo ṣe?"

Alájì ń da ṣáì sínú ife. "Ìwọ kọ́, ìyàwó wa. Ilé yín ni. Ẹnì kan níbẹ̀ ń fi ọjà wa ṣeré."

"Ilé wa?"

"Lọ mú baálé yín wá. Bó bá ti bẹ̀ mí, màá ṣí i."

"Baálé wo? Vieux yẹn tí kò lè dá ẹyẹlé tirẹ̀ dúró? Tonton, ẹ̀rọ omi la jọ ń lò, a ò jọ ní bàbá! Ọmọ tó ń jó yẹn, mi ò mọ ìyá ẹ̀. Bó bá jalè lọ́la, ṣé èmi lẹ máa wá dè?"

"Àgbà ló ń kìlọ̀ fún ọmọdé."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí n kìlọ̀ fún un, kó wá máa fi mí kọrin sí mi létí ní gbogbo òwúrọ̀. Tonton, s'il vous plaît. Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé wà nílẹ̀. Owó rèé."

"Bí mo bá tà fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní títì, òfin ti bàjẹ́ nìyẹn."

Mo dìde. Mo fa dúrọ́ọ̀ yọ, mo mú ilé bọ́bìnì náà, èyí tó ń yí sósì, mo yí i lọ́wọ́ wò kí n má baà ṣì í mú. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"Kí lò ń ṣe?" ni Alájì bi mí.

"Èmi ni mo rà á, Alájì."

"Sí àkáǹtì ta ni?"

"Ẹ ní agboolé kan, baálé kan. Ilé yín ni mò ń gbé."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé han goooro, ó pọ rìsíìtì jáde. Níbi tí wọ́n ń kọ oníbàárà sí, orúkọ Alájì ló wà níbẹ̀ gàdàgbà. Aránṣọ náà mú un, ó kà á, ó tún un kà.

"Ah-ah! Orúkọ Tonton rèé. Ṣé mo ti di ìyàwó Tonton nìyí? Ìdána mi dà?"

Ọkùnrin kan tó ń yan òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ka owó sórí káńtà, ó so ìkòkò irin náà mọ́ etí gèlè rẹ̀, ó sì ti rìsíìtì padà sí mi.

"Ẹ bá mi fún baálé."

Ó parí yúnífọ́ọ̀mù náà kí iléèwé tó wọlé. Alálùpùpù ló sọ fún mi. Ṣùgbọ́n kò tún ra abẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ wa mọ́.

Lọ́jọ́ náà, bó ṣe jáde ni Alájì gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi. Ó ka orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀.

"Yọ ara rẹ kúrò nínú ilé mi. Nínú kọ̀ǹpútà ni mo wí. Ṣí àkáǹtì tìrẹ lọ́tọ̀."

"Alájì, ṣé ilé kan lè ní àkáǹtì méjì?"

"Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù."

Mo ṣí i. Orúkọ, nọ́ńbà tẹlifóònù, àmì ìdánimọ̀, ó parí. Ìwé tó ní yóò bàjẹ́ kò bàjẹ́. Àgbàlá Yopougon yẹn ṣì wà ní títì lọ́jọ́ tí mo fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tèmi tán tí mo gbójú sókè, Alájì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí ṣáì tó ń dà nígbà tí obìnrin náà wọlé. Kò tíì tutù.