Ìṣẹ́jú Kẹtàlélógójì

Àtàǹpàkò ni obìnrin náà ń wò. Kò wo ojú ọkùnrin tó ni ọ́fíìsì. Kò wo ara ògiri tí fíìmù ń hàn sí. Àtàǹpàkò ọ̀tún, tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n gé èékánná rẹ̀ bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó sùn sórí rìmóòtù. Ó yí díẹ̀ sápá òsì, ó padà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́, bí aáyán tó rí i pé onílé ti jáde, títí ó fi dé orí bọ́tìnnì tó ń mú fíìmù sáré. Ó dúró níbẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Lára ògiri, ìyá obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìyá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí orúnkún ń dùn ún, ń fò láti ìdí máṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà bí adìẹ tí wọ́n ń lé. Ó rán apá, ó rán ọrùn, ó já òwú. Odindi aṣọ kan parí kí èèyàn tó sín.

"Ó dára gan-an," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ń rìn dáadáa."

Kò rìn rárá. Eré ló ń sá.

Fíìmù ọ̀hún, iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí ni. Àlùmọ́gàjí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé gígé fíìmù ni iṣẹ́ rẹ̀. Fíìmù ìgbéyàwó. Fíìmù ìpolówó ọṣẹ. Fíìmù ẹni ẹlẹ́ni, ó lé ní ogún ọdún. Bí ìyàwó bá sunkún jù lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ìdílé ọkọ ò sì fẹ́ kí ayé rí i, Àlùmọ́gàjí ni wọ́n ń wá lọ. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó ní òun náà fẹ́ ṣe tòun. Kò lágbára òṣèré. Ó mú ìyá rẹ̀. Kò lágbára ilé àyágbé. Ó lo yàrá tí ìyá rẹ̀ ti ń ránṣọ. Ìtàn náà ò le: arúgbó aránṣọ kan rán aṣọ fún oníbàárà, oníbàárà ò padà wá gbà á. Ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́rin.

Ó wá ku kí àwọn èèyàn rí i. Ibẹ̀ ni màkẹ́tà ti wọlé, ìyẹn ẹni tó ń gba fíìmù lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, tó ń gbé e lọ sí ilé sinimá, sórí tẹlifíṣọ̀n, sórí fóònù. Bí o bá yan màkẹ́tà re, fíìmù rẹ rìn. Bí o bá ṣì í yàn, ó wọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì màkẹ́tà. Ọ̀rẹ́ tó yá a ní kámẹ́rà mọ dúrọ́ọ̀ ọ̀hún dunjú. Ọdún karùn-ún rèé tí fíìmù tirẹ̀ ti wà níbẹ̀. Màkẹ́tà ò gbé e jáde, ìwé àdéhùn ò sì jẹ́ kí onífíìmù fà á yọ.

Ohun kan ṣoṣo ni Àlùmọ́gàjí ń fẹ́, ìyá rẹ̀ ló sì sọ ọ́ síta: "Mo fẹ́ jókòó sáàárín èèyàn, níbi tó ṣókùnkùn, kí n máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí nígbà tí mo bá ń ránṣọ." Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ló sọ bẹ́ẹ̀. Dúrọ́ọ̀ ọlọ́dún márùn-ún kì í ṣe eré fún irú wọn.

Alátàǹpàkò na ìwé àdéhùn sí i. Ojú ìwé méjìlá. Ọdún méje.

"Orí fóònù, orí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ayé," ó wí. "A ó kàn pààrọ̀ àwòrán iwájú ni. Òṣèré tó lókìkí yẹn, ojú rẹ̀ la máa gbé síbẹ̀."

"Ẹni tó wá béèrè ọ̀nà? Ọ̀fẹ́ ló bá mi ṣe é, kò pé ìṣẹ́jú kan tó lò."

"Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló máa tà á, màdáàmù. Ẹ fún mi lésì lọ́jọ́ Ẹtì."

Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Àtàǹpàkò náà ti padà sùn.

Yàrá ìránṣọ ni Àlùmọ́gàjí gbà lọ tààrà. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, tábìlì ìlọṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àjákù aṣọ kún inú apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ gbé téèpù kọ́rùn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ta bàtà ní òpópónà kejì, ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ìwé àdéhùn bí ẹni ń ka lẹ́tà ìfẹ́.

"Gbogbo ayé," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kọ ọ́ síbí: gbogbo ayé. Ẹ fọwọ́ sí i kí ọkùnrin náà tó jí lójú oorun."

"Ó sáré kọjá lórí màmá."

"Ta ni kì í sáré kọjá lórí màmá? Èmi alára, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí wọ́n ṣe ra máṣíìnì yìí..."

"Mo ń gbọ́ ọ o," ni ìyá wọn wí, wọn ò gbójú sókè. "Etí mi ò tíì di."

Màkẹ́tà mẹ́ta ni Àlùmọ́gàjí fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí. Lẹ́tà ìkejì wọlé sórí fóònù Àlùmọ́gàjí ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Ó kà á sókè fún wọn. Ẹni náà ní fíìmù náà wọ òun lára. Ó ní orin tí arúgbó yẹn ń kùn lẹ́nu láàárín fíìmù, níbi tó ti ń tú ìṣẹ́tí aṣọ, ó mú kí omi bọ́ lójú òun.

Máṣíìnì dákẹ́.

"Ó ní kí ni bọ́?" ni ìyá bi í.

"Omi ojú, màmá."

"Nítorí orin mi?" Wọ́n tún téèpù ọrùn wọn ṣe. "Hẹn-ẹn. Ó mọ nǹkan."

Fóònù tún dún. Màkẹ́tà kẹta ni, obìnrin, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni fíìmù aránṣọ? Ẹ jọ̀ọ́, ní ìṣẹ́jú kẹtàlélógójì, fíìmù yín ya odi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni, àbí ẹ̀rọ mi ló ń ṣe wèrè?"

"Fíìmù tèmi?"

"Tiyín. Mo yí ohùn sókè títí ajá aládùúgbò fi gbó."

Àlùmọ́gàjí ṣí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú kẹtàlélógójì. Ìyá rẹ̀ ń tú ìṣẹ́tí, ẹnu ń mì, òwú ń já. Kò sí ohùn. Ó rántí. Lọ́jọ́ tó fẹ́ da fíìmù sínú fúláàṣì mẹ́ta fún màkẹ́tà mẹ́ta, ìyá rẹ̀ wá jókòó tì í láti wò ó. Bí wọ́n ṣe gbọ́ orin tí wọ́n ń kùn, wọ́n fọwọ́ bojú. "Pa á! Ohùn wo nìyẹn, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo?" Àlùmọ́gàjí pa á kí ojú má tì wọ́n. Bọ́tìnnì kékeré kan. Ìyá lọ sílé. Ọmọ gbàgbé. Fúláàṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìwé àlàyé olójú kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: *arúgbó náà ń kun orin lẹ́nu bó ṣe ń tú ìṣẹ́tí*.

Ó tún lẹ́tà màkẹ́tà kejì kà. Gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé àlàyé ni. Omi ojú nìkan ni ẹni náà fi kún un.

"Orin wo wá ni onítọ̀hún gbọ́?" ni ìyá bèèrè.

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé abẹ́rẹ́. Ó fò dìde, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún jókòó.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ń tajà, ṣé dandan ni kó lò ó? Bàtà obìnrin ni mò ń tà. Mi ò wọ̀ ọ́ rí."

"O máa ń ṣí páálí wò kó o tó gbé e fún oníbàárà," ni ìyá dá a lóhùn. "Àbí o ti gbé ẹsẹ̀ òsì méjì fún èèyàn rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ó wí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àlùmọ́gàjí lọ bá màkẹ́tà kẹta. Ìyá Gbọ̀ngàn ni gbogbo oníṣẹ́ fíìmù ń pè é. Ó ti ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá kan fún ọdún méjìlélógún. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ó ra yàrá tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Ihò kékeré tí wọ́n ń na tíkẹ́ẹ̀tì gbà ṣì wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn mẹ́rìnlá ló ń gbé fíìmù lọ: ti ilé ìwé, ti ilé ìkàwé, sinimá kéékèèké mélòó kan. Kì í gbé fíìmù sórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ayé ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa ohùn yẹn ni," ni Ìyá Gbọ̀ngàn wí. "Mo fa àga sún mọ́ ọn. Mo ní, áà, obìnrin yìí láyà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu Àlùmọ́gàjí. Tó bá sọ ọ́, ó di ọlọ́gbọ́n lójú ẹni tó mọ fíìmù.

"Àṣìṣe ni," ó wí. "Mo pa á nítorí ìyá mi. Mo gbàgbé."

Ìyá Gbọ̀ngàn fi ọwọ́ gbá orúnkún. "Ẹ ṣeun. Ẹni méjì ló ti parọ́ fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ ò bá ṣe ìkẹta. Ṣé ẹ mú èyí tó lóhùn wá?"

Ó mú un wá. Wọ́n jọ wò ó lórí àga méjì tí ò dọ́gba. Àtàǹpàkò Ìyá Gbọ̀ngàn ni Àlùmọ́gàjí tún ń ṣọ́. Ó wà lórí itan, ọwọ́ kejì bò ó. Kò mira. Nígbà tí arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin, ọwọ́ méjèèjì di ara wọn mú.

"Ilẹ̀kùn tí kò rí epo ni lóòótọ́," ni Ìyá Gbọ̀ngàn wí nígbà tó tán. "Ẹ má yọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gọ́ta dé ìkẹrìndínláàádọ́rin, ẹ gé e."

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù!"

"Mo mọ̀. Ìdí tó fi gùn nìyẹn."

Ara ta Àlùmọ́gàjí. Ogún ọdún ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an fún àwọn ẹlòmíràn. "Mà, iṣẹ́ gígé ni mò ń ṣe jẹ."

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ọmọ mi. Ẹ lọ rò ó." Ó fa ìwé olójú kan yọ, ọwọ́ ló fi kọ ọ́. Ọdún méjì. Bí fíìmù náà ò bá dé gbọ̀ngàn mẹ́wàá lọ́dún àkọ́kọ́, kí onífíìmù gbà á padà.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ìwé méjì wà lórí tábìlì ìlọṣọ, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan fẹ́lẹ́. Àbúrò Àlùmọ́gàjí dúró ti èyí tó nípọn bí ẹ̀ṣọ́.

"Ta ló wò ó tán?" ni ìyá bèèrè.

"Ìyá Gbọ̀ngàn."

"Òun ló sì ní kó o gé e?"

"Ìṣẹ́jú márùn-ún, màmá."

"Ṣé mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀."

Ìyá ronú sí i. Wọ́n mú aṣọ tó wà níwájú wọn, wọ́n fà á gùn, wọ́n wo ìṣẹ́tí rẹ̀.

"Aṣọ tó bá gùn jù," wọ́n wí, "ẹni tó wọ̀ ọ́ náà ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gé e."

Àlùmọ́gàjí fọwọ́ sí ìwé fẹ́lẹ́.

"Gbogbo ayé," ni àbúrò rẹ̀ ń ráhùn, "gbogbo ayé lẹ fi pààrọ̀ gbọ̀ngàn mẹ́rìnlá." Ìyá wọn ní tó bá ti ráhùn tán, kó bá àwọn fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

Fíìmù náà dé gbọ̀ngàn mọ́kànlá lọ́dún àkọ́kọ́. Ìyá jókòó nínú mẹ́rin lára wọn, lórí àga ẹ̀yìn pátápátá. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́rin ni fíìmù náà báyìí. Àlùmọ́gàjí ṣì ń gé fíìmù ìgbéyàwó. Kì í fi fúláàṣì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jókòó, kó wò ó tán.