Nọ́ńbà Tó Kọ̀ Tí Kò Sún

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá Agbẹ̀bí fi gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn náà kí orúnkún rẹ̀ tó ní òun kò ṣe mọ́. Nígbà tí kò lè dúró pẹ́ mọ́, wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí, pẹ̀lú fóònù kan àti kọ̀ǹpútà kan. Wọ́n ní kó máa kọ ìmọ̀ràn fún àwọn abiyamọ sí ojú-ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan rò pé wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín ni. Òun kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti ń fẹnu sọ fún ìyá kọ̀ọ̀kan látọjọ́ yìí ló wá ń fi ìka méjì tẹ̀: bí wọ́n ṣe ń gbé ọmú sí ọmọ lẹ́nu, ìgbà tí ẹkún jẹ́ ẹkún lásán, àti ìgbà tó yẹ kí ìyá gbé ọmọ sáré. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní wọn kò ṣáà sọ pé àgbà náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìdúró.

Nísàlẹ̀ ojú-ewé náà, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ iye ìgbà tí èèyàn ti ṣí i. Láràárọ̀, kí Màmá tó gbé àpò sílẹ̀, á ti lọ wò ó. Lóṣù àkọ́kọ́, nọ́ńbà ń gòkè, inú rẹ̀ ń dùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: ojú-ewé náà kì í tètè ṣí. Ó wá lọ ń dààmú ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn, ẹni tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Kò-séwu, nítorí ohunkóhun tó bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Màmá fi yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ojú-ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wàrà, Màmá sì ṣàdúrà fún un títí ó fi sá lọ. Afọwọ́fà Màmá nìyẹn, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Màmá ti kọ gbogbo ìmọ̀ràn rẹ̀ síbẹ̀ tán nígbà náà. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà dúró sí igba ó lé mẹ́rìnlá. Ọ̀sẹ̀ kan, igba ó lé mẹ́rìnlá. Oṣù kan, bẹ́ẹ̀ náà ni. Màmá kọ́kọ́ dá àwọn abiyamọ lẹ́bi, ó wá dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó ní bóyá ọ̀rọ̀ òun ti ṣá létí wọn. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ọ̀gá àgbà wọlé lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú lẹ́tà. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọn yóò ti ojú-ewé náà, yàrá yóò di ti oògùn, Màmá yóò sì lọ sinmi nílé.

“Màmá, ẹ má bínú,” ni ọ̀gá wí. “Èmi fúnra mi ṣí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú kan náà ló wà. Kò sẹ́ni tó ń kà á.”

Màmá kò bẹ̀bẹ̀. Ó kọ ọ́ sókè ojú-ewé pé kí gbogbo ẹni tó bá ń kà á pe fóònù òun, ó sì búra pé òun kò ní wo ojú-ewé náà mọ́, nítorí nọ́ńbà yẹn ti sú u pátápátá. Ó jókòó ti fóònù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò dún. Ọjọ́rú, kò dún. Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó wo fóònù, ó wo Màmá, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn dun Màmá ju lẹ́tà lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá padà sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní òun ṣí i. Òun Màmá náà ti ń ṣí i láràárọ̀. Kí ló wá dé tí nọ́ńbà kò ka àwọn méjèèjì? Ó fi orúnkún burúkú yẹn gun àtẹ̀gùn lọ bá Kò-séwu.

Kò-séwu ní kò séwu. Nígbà tó rí ojú Màmá, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé.

“Ojú-ewé yín kì í jáde látinú ilé rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá wa, mọ́, Màmá. Mo ya ẹ̀dà rẹ̀ kan sẹ́nu ọ̀nà, òun là ń nà sí ẹni tó bá dé. Ìdí tó fi ń yára nìyẹn. Inú ilé lẹni tó ń ka èèyàn jókòó sí, kò rí ẹnikẹ́ni.”

“Nọ́ńbà tí mò ń wò láràárọ̀ ńkọ́?”

“Ti ọjọ́ tí mo ya ẹ̀dà ni. Bí ẹ bá ya fọ́tò aago, ṣé ọwọ́ rẹ̀ á máa yí ni?”

“Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé ńkọ́, pé kí wọ́n pè mí?”

Ó họrí. Ó ní kò sí lára ẹ̀dà náà, kò tíì sí ẹni tó rí i. Màmá béèrè iye èèyàn tó wá láàárín oṣù mẹ́ta yẹn. Ó ní àwọn tó gba ẹ̀dà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ibi tí òun kọ wọ́n sí. Inú bí Màmá gan-an. Oṣù mẹ́ta ló fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò wúlò mọ́! Ó ní kó pa ẹ̀dà ọ̀hún rẹ́ lójú òun báyìí, kó ya òmíràn. Ó dúró tì í títí ó fi ṣe é.

Kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, fóònù ti ń dún.

Nígbà tí ọ̀gá dé láago mẹ́rin láti gba kọ́kọ́rọ́, Màmá wà lórí fóònù. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún dún. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún dún. Ní ìgbà kẹta, ó na fóònù sí ọ̀gá. Obìnrin kan ń béèrè bóyá kí òun gbé ọmọ òun wá báyìí tàbí kó di òwúrọ̀, ara ọmọ náà gbóná, kò sì fẹ́ mu ọmú. Ọ̀gá ní kó dúró díẹ̀, ó sáré dá fóònù padà fún Màmá.

“Gbé e wá báyìí,” ni Màmá wí sí i. “Má dúró.”

Ọ̀gá fa lẹ́tà yọ lórí tábìlì, ó ká a sápò, ó sì jáde láì mú kọ́kọ́rọ́. Kò tọrọ àforíjì.

Mọ́kàndínlógójì ni àwọn tó pè lọ́jọ́ náà. Màmá ń fa ilà wọn sẹ́yìn páálí oògùn kan. Kó tó lọ sílé, ó wo ojú-ewé rẹ̀. Igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni kan ṣoṣo ló lé, ó sì mọ ẹni náà: Kò-séwu ni, tó ṣí i wò bóyá ó ti ṣiṣẹ́ kó tó ya ẹ̀dà tuntun.