Ọpọlọ Tuntun fún Ọkọ̀ Tíṣà

Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. "Rọra, rọra" ló ń wí láti àárọ̀ dalẹ́. Síbẹ̀, ó pààrọ̀ sàléńsà ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì fi tọ́bò sí i kó lè sáré. Ta ló ń lé e, n kò mọ̀. Ó wá ku kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀ náà, tò.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀. Ìyẹn ní, "Tíṣà, bí mo ṣe wí lánàá, ọ̀nà méjì ló wà láti tò ó. Ọ̀kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ti tò fún irú ọkọ̀ yín. Èkejì, èmi ni màá tò ó, bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n mọ́ni lára."

Tíṣà họ orí. Àbúrò rẹ̀ ti ní kó mú èkíní lánàá. Láàárọ̀ yìí, àbúrò náà tún ní èkejì ni. Ọ̀rọ̀ náà ti tojú sú u.

"Báwo lẹ ṣe máa ń sáré tó?" ni rewáyà bi í.

Tíṣà gbójú sókè wo òrùlé. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ló dáhùn: "Látìgbà tó ti rà á, kò kọjá jíà kẹta rí."

Tíṣà ronú títí. Ó wá rọra bèèrè pé, "Èwo nínú méjèèjì ló dáa fún jíà kẹta?"