Ọjọ́ Tí Oòrùn Sọ Pé Òkè Yóò Mì

Tíṣà ni gbogbo Òdòdè, ìlú wa ní ìsàlẹ̀ Òkè Ìdànrè, ń pe ọkọ mi. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, torí nígbà náà a kò tíì bímọ tí mo lè fi pè é. Ará Ìjẹ̀ṣà ni. Ilé ìwé ìjọ ló gbé e wá sí Ìdànrè lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Nígbà ogun náà, ilẹ̀ Bọ́mà lókè òkun ni wọ́n kó o lọ, iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tí ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú afẹ́fẹ́, ló sì ṣe níbẹ̀. Ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan gbogbo ẹ̀rọ wọn dákẹ́ lójijì, ọ̀gá wọn tó jẹ́ òyìnbó sì ní àwọn àmì dúdú kan tó wà lójú oòrùn ló fà á. Ní ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ mì. Ògiri wó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Bó bá ti sọ ọ́ débẹ̀, á dìde, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òpùrọ́ ni. Ì bá sàn fún mi ká ní òpùrọ́ ni.

Ọdún kẹrin tí a fẹ́ra ni, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nígbà tí àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò pẹ́ tó kí ènìyàn ka oókan dé ẹẹ́wàá, ó sì dáwọ́ dúró. Àwọn aládùúgbò ní bóyá òkúta kan ló yí lórí òkè. Ṣùgbọ́n Tíṣà sáré ti ilé ìwé dé, ó ṣí ìwé tó máa ń kọ bí rédíò rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí lójoojúmọ́. Rédíò náà ti yadi fún odidi òwúrọ̀ kan, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

“Ọjọ́ mẹ́ta,” ó ń wí ṣáá. “Bíi ti Bọ́mà gẹ́lẹ́.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ oòrùn. Ó ní awò olójú méjì kan tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tó mú bọ̀ láti ojú ogun, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ó de ojú kejì mọ́ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì bọ́ sórí bébà funfun lórí tábìlì. Ó kìlọ̀ fún mi kí n má ṣe gbé ojú sí awò náà láéláé. Lórí bébà yẹn ni oòrùn ti máa ń hàn, roboto, àwọn àmì dúdú kéékèèké á wà lára rẹ̀. Èmi ni mo ń fi pẹ́ńsù tọ̀ wọ́n, torí ọwọ́ aránṣọ balẹ̀ ju ọwọ́ Tíṣà lọ. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo gbé ojú oòrùn sínú yàrá mi. Obìnrin wo ló tún rí irú rẹ̀ ní Òdòdè?

A rí i pé àwọn àmì náà ń rìn. Wọ́n á yọ lápá kan, wọ́n á kọjá díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì wọ̀ lápá kejì. Tó bá di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, èyí tó tóbi nínú wọn á tún padà sí ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i. Ìyẹn ni Tíṣà fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀wọ́ àmì kan tó tóbi ju gbogbo èyí tí a ti rí lọ dé àárín oòrùn, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo gbígbóná, ó sì kú. Ilẹ̀ kò mì lọ́tẹ̀ yìí. Tíṣà ní ó ń gbára jọ ni. Tí ọ̀wọ́ àmì náà bá padà dé àárín, ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, òkè yóò mì, òkúta yóò sì ya lulẹ̀.

Ó lọ sí ààfin, ó lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ tirẹ̀. “Tíṣà, a ti gbọ́,” wọ́n ní. Kò sí ẹni tó ká ẹní rẹ̀.

Ìyá àgbà mi ló kù. Gbogbo ayé ti sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè kí wọ́n tó bí mi, àmọ́ òun àti àwọn arúgbó mélòó kan kò kúrò. Ọkọ rẹ̀ àti mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sin sí àgbàlá rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń kí wọn. Èmi àti Tíṣà gun òkè lọ bá a, òun sì dọ̀bálẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀ kalẹ̀.”

“Ọmọ mi,” ni ìyá àgbà dáhùn, “ìwọ tí o mọ ọjọ́ tí òkè máa mì, ṣé o mọ ọjọ́ tí èmi máa kú?”

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, Tíṣà sọ fún mi pé èmi nìkan ni mo lè mú un wá. Mo mọ ohun tó ń sọ. Lọ́jọ́ kejì mo dá padà lọ.

“Ìyá, mo ti lóyún.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mi mú. “Oṣù mélòó?”

“Mẹ́ta. Ó ń rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹ wá tọ́jú mi.”

N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti ń di ẹrù.

Alágbàṣe méjì láti oko wa fi àga gbé e, ṣùgbọ́n níbi tí àtẹ̀gùn ti dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀, ìdí ló fi ń wọ́ sọ̀ láti orí ọ̀kan dé èkejì. Orúnkún rẹ̀ wú kí a tó délẹ̀. A gbé e lọ sí ahéré wa létí odò Ọ̀wẹ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí kò sí òkúta lókè orí ẹni.

Ọjọ́ náà pé. A jókòó síta láti àárọ̀, a jìnnà sí ògiri, Tíṣà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ewé kòkó kan kò mì. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó ní, “Bóyá ọ̀la.” Ọ̀la náà kọjá. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ọjọ́ tí à ń retí, ìyá àgbà rí aṣọ nǹkan oṣù mi tí mo sá sẹ́yìn ahéré. Ó pè mí, ó na ọwọ́ sí i. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò pariwo. “O fi ọmọ tí kò sí pè mí kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi tó wà,” ó ní. “Ẹ gbé mi lọ sílé.”

Tíṣà ní rárá. Ó ní bóyá ìyípo kan ló kù kó tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré. Òjò náà ti bẹ̀rẹ̀, àtẹ̀gùn ń yọ̀. Mo bẹ àwọn alágbàṣe náà, wọ́n ní bí arúgbó bá ti ọwọ́ àwọn já bọ́, ta ni yóò gba àwọn sílẹ̀? Mo gbà fún Tíṣà. Mo gbà torí pé gbígbà rọrùn.

Ìyá àgbà á jókòó, á kọjú sí apá ibi tí òkè wà, bẹ́ẹ̀ igi kòkó ti bo gbogbo ibẹ̀, kò sì lè rí i. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tó ní ká gbé òun lọ sílé, bí mo ti ń po ẹ̀kọ rẹ̀.

Nígbà tó wà láàyè, n kò rí ẹni méjì tó lè gbé e gòkè. Nígbà tó kú, ọkùnrin mẹ́jọ wá láti inú ẹbí láìsí pé ẹnì kan bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé e gòkè nínú òjò, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yọ̀. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àbúrò bàbá mi wo èmi àti Tíṣà.

“Ẹ rí i pé òkè ṣeé gùn,” ó ní.

Nígbà tí a délé, mo ṣí ìwé Tíṣà. Ní ọjọ́ tí à ń retí, ó kọ ọ́ pé: “Òkè kò mì. Ó ṣeé ṣe kí n ṣi kíkà.” Ní ọjọ́ tí ìyá àgbà kú, òun fúnra rẹ̀ ló ya oòrùn, àmì mẹ́ta. Kò kọ nǹkan mìíràn.

Mo gbé e sí iwájú rẹ̀. “Ṣé kò sí ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yìí ni?”

Ó pa ìwé náà dé. “Mo fẹ́ kó yè ni.”

“Ó wà láàyè nígbà tí a lọ bá a, Tíṣà.”

N kò tọ àmì kankan fún un mọ́. Ilẹ̀ mì díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì. Rédíò ń kọrin geere, ojú oòrùn sì ti mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tíṣà wò mí, mo wo ilẹ̀. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn bóyá oòrùn lè sọ ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mì. N kì í dúró gbọ́ ìparí rẹ̀.

Tíṣà fi ìwé náà pamọ́ títí ó fi kú. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa ló wà báyìí. Wọ́n fi gíláàsì bo ọ̀kan nínú àwọn àwòrán oòrùn náà, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀, wọ́n sì ń sọ fún àlejò pé bàbá àwọn mọ oòrùn kà. Àwọn àlejò á yìn ín. Èmi á gbé àwo oúnjẹ, á sì wọlé lọ.