Ìwọ̀n Kan fún Ìbejì

Ìbejì ni mí. Ìkejì mi wà ní Òkukù, òun ló ní kí n kọ èyí, ó sì ní kí n má gbàgbé láti sọ pé òun ló rẹwà jù nínú àwa méjèèjì. Mo ti sọ ọ́. Ojú kan náà la ní o, kẹ́ ẹ má baà sọ pé mi ò wí.

Ìnísà ni wọ́n bí wa sí. Láti kékeré, ohun tí ìyá wa bá rà fún ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀ fún ìkejì, kí inú má baà bí ẹnì kan nínú wa kó sì padà sọ́run. Onígbàgbọ́ ni ìyá wa, wọn kì í pa ìsìn jẹ, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìbejì, wọn kì í bá pásítọ̀ jiyàn, wọn kì í sì í gbọ́ tirẹ̀. Bí Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá ń bọ̀ lọ́dọọdún, wọ́n á ra aṣọ, télọ̀ á wọn èyí tó bá rí nínú wa, á sì fi ìwọ̀n yẹn rán méjì.

Ohun kan wà nílé wa tí mo bẹ̀rù ju ejò lọ: àga ìyá bàbá wa. Ìyá àgbà yìí sanra débi pé bàbá wa ní kí káfíńtà kan àga fífẹ̀ kan fún wọn. Orí àga náà ni wọ́n wà títí orúnkún fi kọ̀ wọ́n sílẹ̀, wọn ò sì fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde nílé mọ́ títí wọ́n fi kú. Àga yẹn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i.

Nígbà tí òmìnira kù díẹ̀, a lọ sílé ọkọ. Àgbẹ̀ ni ọkọ ìkejì mi ní Òkukù. Akọ̀wé ni tèmi ní Ìkìrun, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù fún mi níwájú ilé: búrẹ́dì, ṣúgà, mílíìkì, bisikíìtì. Àtàárọ̀ dalẹ́, mo wà lórí ìjókòó. Bí mo bá bímọ, ìyá wa á wá wẹ ọmọ, wọ́n á sì máa fi ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹran bọ́ mi bí ẹni pé èmi gan-an ni ọmọ tuntun. Ohun tí ìtọ́jú yẹn bá fi sí mi lára kì í bá wọn padà sí Ìnísà. Àwọn oníbàárà ń kí mi pé, "Ìyàwó akọ̀wé, ayé ń yẹ yín o!" Inú mi ń dùn. Ta ni wọ́n á kí bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ ò ní dùn?

Ìnísà náà la ṣì ń wá ṣe Ìkórè lọ́dọọdún. Lọ́dún tí mo já ọmọ kẹta lẹ́nu ọmú, ìkejì mi ni télọ̀ bá nílé ìyá wa, òun ló wọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìkórè, mo ki apá bọ búbá tuntun. Ó dé ìgúnpá, ó dúró. Mo fà á. Ó ya láti abíyá dé ìsàlẹ̀.

Ìyá wa wò mí títí. "Ara ìyá bàbá yín ni o gbé wọ̀," ni wọ́n wí. "Àfi ká nu àga yẹn fún ọ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi sí gbogbo wọn.

Ìkejì mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ búbá tirẹ̀, ó ní aṣọ ilé la ó wọ̀ lọ. Ó wá ní, "Ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà wà lára tèmi náà. Kí ló dé tí àga ò pè mí? Tẹ̀ lé mi lọ sí Òkukù, ká wò ó."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé e. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé obìnrin yìí ń jẹun! Ó jẹ iyán tán, ó tún bu sí i. Èmi tí mò ń tọ́ oúnjẹ wò, èmi ló sanra. Mo ní wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ó ní kí n dúró dòwúrọ̀.

Lówùúrọ̀, a rìn lọ sóko, ọ̀nà náà jìn. A wa iṣu, a ru igi bọ̀, ẹsẹ̀ mi ń kérora. Nígbà tí a jókòó sinmi lábẹ́ igi, mo rí i pé ọwọ́ mi ń wá nǹkan kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bisikíìtì ló ń wá. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ yìí kì í sinmi: bisikíìtì tó bá fọ́, ìdí búrẹ́dì, tíì oníṣúgà pẹ̀lú gbogbo ẹni tó bá yà kí mi. Mi ò ka ìyẹn sí oúnjẹ rí. Ohun tí èèyàn bá wẹ ọwọ́ jẹ ni mò ń pè ní oúnjẹ.

Mo wá rántí pé bàbá wa fẹ́ràn ìyá wọn débi pé wọn ò jẹ́ kí ìyá àgbà gbé nǹkan kan nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló gbé wọn jókòó. Ìkẹ́ wà níbẹ̀.

Mo padà sí Ìkìrun. Mo gbé bisikíìtì sókè níbi tí ọwọ́ mi ò tó, mo ń pọn omi fúnra mi, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń lọ sọ́jà. Nígbà tí Ìkórè tún kù díẹ̀, mo dé Ìnísà, mo ní kí télọ̀ wọ̀n wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyá wa figbe ta. "Ìwọ̀n méjì kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí ọ̀kan fi ìkejì sílẹ̀ ni?"

Ìkejì mi tì mí síwájú télọ̀. "Ẹ wọ̀n ọ́n," ló wí. "Kẹ́ ẹ fi rán tèmi."

Lọ́jọ́ Ìkórè, búbá náà gbé e mì. Ó fi pínnì ká a lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì jọ jó lọ síwájú pẹpẹ. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ó gbé orí sókè bí ìyàwó tuntun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè wí lọ. Láti ìgbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀rù àga ló ń mú mi dìde lórí ìjókòó mọ́.

Bí ara mi ṣe ń fúyẹ́, lọ́dọọdún ni pínnì aṣọ rẹ̀ ń dín. Kò tán, nítorí ara mi ní tirẹ̀ tó jogún. Ó ku ẹyọ kan báyìí. Mo ní kó jẹ́ kí télọ̀ dín aṣọ náà kù díẹ̀ fún un, ó kọ̀. Ó ní ìwọ̀n òun nìyẹn.