Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Sọdá sí Ọ̀kánkán

Ooru ń gòkè lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, ojú ìyá mi àgbà sì fara sin sínú rẹ̀. Wọ́n bu omi sẹ́nu, wọ́n fọ́n ọn sí àyà aṣọ náà, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e, aṣọ náà sì dún ṣàà. Òórùn èédú àti ti ọṣẹ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọ̀nà Àpápá, ọkọ̀ òkun kan fọn fèrè, ó fọn ọ́n pẹ́, ohùn rẹ̀ sì rọra kú lọ. Mo jókòó sórí àpótí, mò ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Lójú èmi ọmọdé, ó dà bíi pé inú ìkùukùu là ń gbé.

Alágbàfọ̀ ni wọ́n ní Ajégúnlẹ̀. Aṣọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Wharf Road ni wọ́n ń fọ̀. Wọn kì í fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ìsinmi, bí oníbàárà bínú, kó bínú. Ohun tí Ọlọ́run bá sọ, wọn kì í fi falẹ̀. Àfi ohun kan.

Ìyá kan láti apá Òkè Ògùn ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Mùsùlùmí ni wọ́n, Ìyá Ọ̀kánkán ni gbogbo ilé sì ń pè wọ́n. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ló ń wa tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já ní Ìjọra, tó pa àbúrò bàbá mi, àbíkẹ́yìn Ìyá àgbà. Ìyá Ọ̀kánkán wá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń sunkún. Ìyá àgbà sọ létí gbogbo èèyàn pé àwọn ti dárí jì wọ́n nítorí Jésù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí Ìyá Ọ̀kánkán bá kí wọn, ilẹ̀ ni Ìyá àgbà máa ń wò. Ọmọ tó wa tírélà náà sì kúrò nílé, a ò rí i mọ́.

Nígbà òjò kan, àìsàn dá Ìyá Ọ̀kánkán dùbúlẹ̀. Ikọ́ ni ṣáá. Ìyá àgbà po ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n tún rán mi.

"Ṣé ẹ̀yin ò ní lọ wò wọ́n ni?" mo béèrè.

"Ẹ̀kọ ṣáà ń débẹ̀," wọ́n dá mi lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, a wà lórí ìkúnlẹ̀. Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí páànù. Ìyá àgbà ń gba Àdúrà Olúwa, àfi bí wọ́n ṣe dé ibi tí a ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì wá bí àwa náà ṣe ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá, tí ohùn wọn dúró. Mo la ojú kan. Ètè wọn ń gbọ̀n. Ní ọ̀kánkán, ikọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀.

"Olúwa, mò ń fi ẹ̀kọ ránṣẹ́," wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Mo ti gbọ́."

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, Ìyá àgbà?"

"Ẹni tó ní kí n lọ fúnra mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́. Èmi ni mò ń ṣe bíi pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́."

Wọ́n gbé omi kaná. Wọ́n mú kànìnkànìn àti ọṣẹ, wọ́n ní kí n gbé bàsíà tẹ̀ lé àwọn. Èèyàn méjì ò lè yà fúnra wọn dáadáa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n sọdá rẹ̀ bí ẹni tó ń la odò kọjá.

Inú yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Ìyá Ọ̀kánkán fẹ́ dìde, ara wọn ò gbé e.

"Ṣé ẹ̀yin nìyí lóòótọ́?"

"Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ yín."

Ìyá àgbà rọra wẹ̀ wọ́n bí ẹni tó ń wẹ ìkókó. Ìyá Ọ̀kánkán ń sunkún, wọn ò pariwo. Nígbà tó kan kí wọ́n fi òrí pa wọ́n lẹ́yìn, Ìyá àgbà béèrè láìgbójú sókè pé, "Ọmọ yín ńkọ́?"

"Abẹ́òkúta ló wà. Ó ní ojú wo lòun fẹ́ fi gba iwájú ilẹ̀kùn yín kọjá."

Ọwọ́ Ìyá àgbà dúró. Mo rò pé wọ́n máa ní ká máa lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ wọn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ẹ pè é. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kó wá tọ́jú ìyá rẹ̀."

Nígbà tá a jáde, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn bàsíà ìfọṣọ, wọ́n sì ké igbe tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

Ọmọ náà dé lọ́jọ́ kan tí òjò dá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ará ilé dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn. Ìyá àgbà jáde, wọ́n wò ó títí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Ṣé o ti jẹun?"

"Màmá, ẹ try o," ẹnì kan sọ láti yàrá ẹ̀yìn. Ìyá àgbà ti wọlé lọ bu oúnjẹ.

Nígbà tí mo dàgbà, mo bi wọ́n bóyá ọjọ́ yẹn ni ìrora náà tán. Wọ́n mi orí.

"Ó ṣì ń dùn mí. Ọlọ́run ò ní kí n dúró dìgbà tí kò bá dùn mí mọ́. Ó ní kí n lọ ni."

Ìyá àgbà ti sùn nínú Olúwa báyìí. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ìgbọràn, mo sì ti gbàgbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe apá kan nínú ohun tí Ọlọ́run ní kí n ṣe, tí mo fẹ́ fi ìyẹn tu ara mi nínú, ọkàn mi kì í gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tètè kúrò ní ọ́fíìsì ní Warehouse Road, mo lọ sílé ẹnì kan tí mo ti ń fi fóònù nìkan kí láti ìgbà tí ìjà ti wà láàárín wa. Inú ṣì ń bí mi. Mo kan ilẹ̀kùn.