Fíìmù Tí Mo Fẹ́ Gbé Lọ sí Emùré

Ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi jù mí lọ. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun ló sì tọ́ mi. Ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́wọ́ nígbà náà. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó padà sí ilé bàbá wa ní Emùré, ó ń se oúnjẹ fún mi, ó ń fọ aṣọ ilé-ìwé mi, ó sì ń jókòó tì mí títí n ó fi parí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní òun ò lè gba ìyàwó àti àbúrò ìyàwó pọ̀. Àǹtí mi, bí mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n mi yìí, ò sọ ọ́ fún mi rí. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mo ti di tíṣà.

Nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù fídíò sí yàrá iwájú ilé wa. Ìgbà kásẹ́ẹ̀tì ni. Ó kan pákó mọ́ ògiri, ó to kásẹ́ẹ̀tì sórí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, àwọn ará ìlú sì ń wá yá a. Kò sí èyí tí kì í kọ́kọ́ wò fúnra rẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, á máa sọ ìtàn fíìmù náà fún un, á sọ ọ́ dé ibi tó dùn jù, á wá dákẹ́, á ní, "Gbé e lọ ulé, kó o lọ wo ìyókù." Ulé ló ń pe ilé títí ayé rẹ̀. Gbogbo Yorùbá tó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí rédíò kò mú ahọ́n Emùré kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn tó ń jí fíìmù dà kọ ló pa ṣọ́ọ̀bù náà. Ó di pé èèyàn lè rí àwo pẹlẹbẹ kan rà lọ́jà, kí fíìmù ogún wà nínú rẹ̀. Oníbàárà ń dín kù, ó ń dín kù, títí ó fi ku èmi àti òun nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó di kásẹ́ẹ̀tì sínú àpò ìrẹsì, ó gbé wọn sórí àjà, ó wá ń to gàrí àti ata gbígbẹ sórí pákó tó kù. Kò sunkún lójú mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú irú àwo bẹ́ẹ̀ wọlé wa, á ní kó gbé e jáde.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ dé bá a. Opó àgbàlagbà kan wà ní ilé kejì tí èmi máa ń pè ní Màmá. Màmá ló wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan wá tọrọ iná, tó bá a nílẹ̀ ẹ̀bá àdògán, tí omi ìkòkò ti gbẹ tán. Nígbà tí ilé ìwòsàn yọ̀ǹda rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Ó ní, "N ò ní fi ulé bàbá mi sílẹ̀."

Màmá ní òun á máa tọ́jú rẹ̀. Èmi náà ní n ó máa wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Mo mú ìlérí náà ṣẹ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ òótọ́. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ìṣẹ̀, ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. N ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Gbogbo ìgbésí ayé wa, òun ló ń sọ̀rọ̀, èmi ló ń gbọ́. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde, itọ́ á sì bá a jáde. Mi ò lè wo ẹnu náà. N ó bi í bóyá ó ti jẹun, n ó bi í bóyá ó ti lo oògùn, n ó wá máa wo aago.

Sátidé kan ló bi mí pé, "Kí lo ń wò ní Ìkẹ́rẹ́ báyìí?"

Mo sọ fún un pé a ti ra àpótí kékeré kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí a fi ń so tẹlifíṣọ̀n mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní fíìmù Yorùbá tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ ju gbogbo èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láyé àtijọ́ lọ. Mo rí i pé mo ti ń sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìwo aago.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ṣé o ń sanwó rẹ̀?"

"Mò ń san án, Àǹtí mi. Oṣooṣù ni."

"Mú díẹ̀ wá fún mi, nígbà náà."

Inú mi dùn débi pé mo kọrin nínú ọkọ̀ padà sílé. Mo ti rí nǹkan tí mo lè ṣe. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa ní ilé wa ní Emùré, nítorí náà mo pinnu pé n ó fa àwọn fíìmù náà sínú àpótí wa ní Ìkẹ́rẹ́, n ó wá kó wọn kúrò níbẹ̀ sínú háàdì dìráìfù tí mo fi ń tọ́jú ìbéèrè ìdánwò. Mo fa mẹ́fà. Odindi ọ̀sẹ̀ ni mo fi ṣe é nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo so háàdì náà mọ́ àpótí, mo rí àwọn fíìmù náà tí wọ́n ń wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ fíìmù, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi tó bó ṣe yẹ kí wọ́n tóbi. Mo gbà pé mo ti ṣe é.

Ní Sátidé, mo gbé e dé Emùré. Màmá bá mi gbé Àǹtí mi jókòó, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Mo so háàdì mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo tẹ èkíní, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Mo tẹ èkejì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò mọ irú nǹkan báyìí. Mo tẹ gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta. Mo yọ ọ́, mo tún kì í bọ̀ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Ọ̀sán pọ́n, mo ṣì kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Fi sílẹ̀."

Mo ní, "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é."

N ò mọ nǹkan kan. Mo kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìtìjú.

Obìnrin kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí ilé-ìwé wa máa ń gbéṣẹ́ fún. Mo gbé háàdì náà lọ bá a. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò ó díẹ̀, ó mi orí.

"Tíṣà, gbogbo rẹ̀ ló wọlé o, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í pa. Inú àpótí yín tó wà nílé ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ti gbé e kúrò níbẹ̀, èèpo lásán lẹ gbé."

"Ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè bá mi ṣí i ni, Màdáàmù?"

"Kò sí. Owó tẹ́ ẹ̀ ń san fún wọn, owó wíwò ni, kì í ṣe owó rírà." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àmọ́ bó bá jẹ́ fíìmù lásán lẹ fẹ́, mo ní wọn nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo lè kó ọgọ́rùn-ún fún yín síbẹ̀ lónìí."

Mo rántí àwọn àpò ìrẹsì tó wà lórí àjà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba háàdì mi.

Ní Sátidé kejì, àpótí gan-an ni mo yọ kúrò nílé tí mo gbé lọ, nígbà tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àpótí náà tàn dáadáa ní Emùré. Ó fi àwòrán fíìmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn mí. Nígbà tí mo tẹ ọ̀kan, ó ní àfi kí òun kọ́kọ́ rí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí òun fi mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Mo gbé fóònù mi jáde, mo nà án sókè, mo rìn dé etí títì, mo padà, mo tún jáde.

Mo ṣàlàyé fún Àǹtí mi bí wọ́n ṣe ti àwọn fíìmù náà pa. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Wọ́n ti gbọ́n," ó ní. "Ká ní wọ́n ti mọ̀ ọ́n tì bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa, ṣọ́ọ̀bù mi ì bá ṣì wà."

Mo yíjú sí àpótí.

Ó ní, "Jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n tún fóònù wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Jókòó ná."

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì wá ọwọ́ mi, ó dì í mú. Bí ìṣẹ́jú méjì ni mo ṣe níbẹ̀. Fóònù mi dún pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, mo yọ ọwọ́ mi, mo sáré bọ́ síta. Kí n tó padà wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, Àǹtí mi sì ti dijú.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo sọ fún ara mi pé n ò tún ní lọ sí Emùré lọ́wọ́ òfo mọ́. Sátidé kan kọjá, mo fi fóònù sọ fún Màmá pé iṣẹ́ ilé-ìwé ló pọ̀. Irọ́ ni. Ìdí háàdì àti àpótí ni mo wà látàárọ̀ dọ́sàn-án. Sátidé kejì kọjá bákan náà. Nígbà tó yá, mo gbé ìwé ìṣirò lé ara wọn síwájú tẹlifíṣọ̀n wa, mo gbé fóònù lé e lórí, mo sì fi ya fíìmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwòrán rẹ̀ ń mì díẹ̀, ikọ́ mi wà nínú rẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni, mo sì ń ronú bóyá ẹ̀gbọ́n mi á pe ìyẹn náà ní olè jíjà. Mo kó o sínú fùláàṣì. Ọjọ́ Ẹtì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì, a ń retí ẹnì kan kí ọkọ̀ lè kún, nígbà tí Màmá pè mí.

Ó ní, "Tíṣà, níbo lẹ wà?"

Mo ní mo ti ń bọ̀.

Ó ní, "Ẹ rọra máa bọ̀. Kò sí ohun tẹ́ ẹ̀ ń sáré sí mọ́."

A sin ín sí ẹ̀yìn ilé bàbá wa ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ tán, mo padà lọ kó ẹrù inú yàrá rẹ̀. Màmá bá mi ká aṣọ. Mo sọ fún un nípa fùláàṣì tó wà lápò mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò rí fíìmù kan ṣoṣo náà wò.

Màmá gbé aṣọ tó ń ká lé itan. "Kò lè wò ó, Tíṣà. Ojú rẹ̀ ti ṣú láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti mú un. Òjìji ló ń rí. Ohùn yín ló fi ń mọ̀ pé ẹ ti wọlé."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ó ní n ò gbọ́dọ̀ sọ. Ó ní ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ lè bá òun sọ mọ́, pé bí ẹ ò bá rí uṣẹ́ kan ṣe níbí, ẹ ò ní máa wá." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. "Sátidé méjì tẹ́ ẹ ò wá yẹn, ó ní kí n gbé òun jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n náà. Ó jókòó títí di ọ̀sán."

Mo jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n ti ká ẹní orí rẹ̀. N ò lè sunkún níwájú Màmá. Òun náà kò wojú mi, ó ń ká aṣọ lọ ni.

Mo lọ sí Emùré bí ìgbà mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn láti wo Màmá, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ògòtún. N kò ní ẹnikẹ́ni ní Emùré mọ́. Ẹnì kan pè mí lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ pé páànù ilé wa ti ṣí ní apá iwájú, pé omi ti ń wọ yàrá. Mo ní n ó wá wò ó. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí, n ò tíì lọ.